Ìjókòó tó gbówó lórí jù kọ́ ni orin ti ń dùn jù

Ìbéèrè

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àbúrò mi lọ wo olórin kan nínú gbọ̀ngàn ńlá tó ń gba nǹkan bí èèyàn 20,000. Èmi ra ìjókòó iwájú pátápátá, lápá òsì pèpéle. Owó gọbọi ni mo san. Àbúrò mi ra ti ìpele kìíní, lọ́ọ̀ọ́kán, owó rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi. Mo rí olórin náà débi pé mo rí òógùn ọrùn rẹ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Gbìm-gbìm-gbìm lásán ni. Etí mi ń hó títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àbúrò mi ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Kí ló fà á? A tún fẹ́ lọ lọ́dún yìí, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 sì ń bẹ̀ mí pé ká ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró níwájú pèpéle. Níbo ni kí n fi owó mi sí?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, etí yín kò ṣẹ̀, olórin náà kò sì jẹ̀bi. Ojú lẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò yín, bóyá ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni o, bóyá owó ni kò tó, etí ló fi ra tiẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń dúró nídìí míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn olórin àti ti ohun èlò pọ̀, nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ìyekan mi kan bá sì fẹ́ wá wo eré, mi ò jẹ́ fi í síwájú pèpéle. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ lè máa fúnra yín yàn, torí gbọ̀ngàn tí ẹ ń lọ lọ́dún yìí lè má jọ ti èṣí.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń ṣeré, kì í ṣe torí orin ni wọ́n fi kọ́ wọn. Torí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni, torí ìjà ẹ̀ṣẹ́, torí họ́kì orí yìnyín. Ẹ wo Madison Square Garden ní New York. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 1968 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Knicks ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ Rangers ti ń gbá họ́kì. Ibẹ̀ náà ni Burna Boy kún bámúbámú ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n torí tirẹ̀ pe èrò jọ síbẹ̀. Ilé kan náà, iṣẹ́ méjì tó ń ta ko ara wọn. Ẹni tó ń kọ́ ilé bọ́ọ̀lù ń fẹ́ kí ariwo máa ta padà, kí igba èèyàn dún bí ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ń kọrin ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kú kí òmíràn tó dé. Kọnkéré, irin àti gíláàsì kì í gbé ìró mì, ńṣe ni wọ́n ń jù ú padà fúnni.

Ẹ bá mi wọ inú ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀sán, kí èrò tó dé. A ti so sípíkà kọ́, àga ti wà nílẹ̀, iná òṣìṣẹ́ nìkan ló tàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé màá dúró láàárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn, màá pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan: pá! Màá wá dákẹ́. Ògiri ẹ̀yìn lọ́hùn-ún á dá a lóhùn. Òrùlé á tẹ̀ lé e. Àwọn kọ̀rọ̀ á máa fi ìyókù ránṣẹ́ sí ara wọn. Nínú ilé tó burú, mo lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí pá kan ṣoṣo yẹn tó parẹ́ pátá. Ẹ wá fi olórin sí i, ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrù ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á bo orí ìkejì mọ́lẹ̀, ti ìkejì á bo ìkẹta. Ohun tó máa ṣẹ́ kù fún yín ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, láìsí kọ́nsónáǹtì kan láàárín wọn, bí ẹni ń gbọ́ dùndún tí kò gbọ́ èdè ìlù. Ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ ohun tó ń wí.

Nígbà tí èrò bá wọlé, ó máa ń sàn díẹ̀. Ara èèyàn àti aṣọ ọrùn wọn ń fa ìró mu, bí kànrìnkàn ṣe ń fa omi. Ìdí nìyẹn tí ohun tí a gbọ́ lọ́sàn-án kì í fi í jọ ti alẹ́, tí ẹ fi ń gbọ́ pé orin àkọ́kọ́ rí rúdurùdu, tí ó wá tò nígbà tó fi máa di orin kẹta. Kì í ṣe pé onísáǹdì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ilé tuntun ni wọ́n gbé fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń kọ́ bó ṣe rí lójú yín.

Ẹ má sì rò pé ìṣòro òní nìyí. Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1871 ni wọ́n ṣí i, ilé tó rí bí ẹyin, tó ní òrùlé bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ìró á gun òkè, igbá náà á kó o jọ, á tún dà á padà sórí èrò. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti lè dá ẹni tó kọ orin lójú pé wọn ó gbọ́ orin òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó di 1969 kí wọ́n tó so àwọn nǹkan pẹrẹsẹ kan rọ̀ sábẹ́ òrùlé náà, tí gbogbo ayé ń pè ní olú torí bí wọ́n ṣe rí, láti tú ìró náà ká. Ilé tó ju 90 ọdún lọ kí wọ́n tó rí ọ̀nà bá a sọ̀rọ̀! Nígbà tí wọ́n fi máa kọ́ gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣílẹ̀kùn ní 2007, àti Sphere ti Las Vegas tó ṣí ní 2023, wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orin ló ń bọ̀. Ní Sphere, ẹ ò tiẹ̀ lè rí sípíkà. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ àwòrán ńlá tó yí ògiri ká ni wọ́n tò wọ́n pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Nínú èyí tó pọ̀, ibi tí ẹ bá jókòó sí ló máa sọ bí orin ṣe máa dùn tó.

Ó wá kan ìjókòó yín ti èṣí. Tí ẹ bá gbójú sókè lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí àpótí sípíkà tí wọ́n so kọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì pèpéle, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ìwọ̀ ẹja. Títẹ̀ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà ìjókòó tirẹ̀. Àwọn tó wà lókè ń bá àwọn tó jókòó lókè lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, àwọn ti àárín ń bá àárín sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nídìí ló kọjú sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú pátápátá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ wọn. Olórin wà lójú yín, ohùn rẹ̀ ń fo orí yín kọjá lọ bá àbúrò yín.

Kí ló wá kù fún yín? Àwọn àpótí báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún gbìm-gbìm, tí a tò sílẹ̀ níwájú pèpéle, bóyá mítà mẹ́ta sí ọ̀dọ̀ yín, àti ìlù fúnra rẹ̀. Báàsì dà bí èéfín, kò sí kọ̀rọ̀ tí kì í dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu dà bí iná tọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n bá kọjú rẹ̀ sí ló ń tàn. Ẹ̀yin wà nínú èéfín, ẹ ò sí nínú iná. A máa ń to sípíkà kéékèèké sí etí pèpéle torí àwọn ará iwájú, wọ́n sì ń gbìyànjú, àmọ́ bí ènìyàn bá ti dúró síwájú ọ̀kan, ó tán. Lápá òsì tí ẹ tún lọ, ẹ ti jìnnà sí ti ọ̀tún, nítorí náà ìdajì ohun tí a pò pọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín.

Ibo wá ni? Ẹ wá míkísà. Nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ni tábìlì wa máa ń wà, ó kọjú sí pèpéle, ó jìnnà díẹ̀ ju ìdajì ilẹ̀ gbọ̀ngàn lọ. Ohunkóhun tí a bá yí, etí tiwa tó wà níbẹ̀ la fi ń yí i. Tí ohùn olórin bá rì sábẹ́ gìtá níbẹ̀, a máa gbọ́ ọ, a ó sì gbé e sókè. Tí ó bá rì ní ìjókòó yín ti èṣí, ta ni yóò sọ fún wa? Ẹni tó bá jókòó sí sàkání wa, oúnjẹ tí alásè ń tọ́ wò ló ń jẹ.

Kì í ṣe ẹ̀yìn tábìlì náà gan-an ni mo ní kí ẹ rà o. Bí ẹ bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn wa, orí wa, àwọn ẹ̀rọ wa àti àwọn oníná tó dúró tì wá lẹ ó máa wò. Ìpele kìíní tó yọ sókè díẹ̀ ni kí ẹ wá: èyí tó kọjú sí pèpéle tààrà, tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmọ́ tó bá tábìlì wa dọ́gba. Ìlà karùn-ún sí ìkẹwàá níbẹ̀, ẹ ó ga ju orí àwọn tó dúró nílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á bá yín lójú ọ̀nà rẹ̀, sípíkà ọ̀tún àti òsì á jọ dé. Ibẹ̀ ni àbúrò yín jókòó sí, mo lè fi nǹkan búra.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ rí nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n torí pé wọ́n fẹ́ rí àga tà sí i, wọ́n ti míkísà wa wọ abẹ́ ìpele òkè, bí ẹni tì ewúrẹ́ sábẹ́ àjà. Sípíkà ò rí wa, àwa náà ò rí sípíkà. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, ńṣe ni mo ń sáré jáde sí gbangba lọ gbọ́ ohun tí èrò ń gbọ́, màá tún sáré padà wá yí i. Nígbà mìíràn, mo ti gbàgbé ohun tí mo lọ gbọ́ kí n tó padà débẹ̀. Torí náà, tí ẹ bá rí i lórí àwòrán pé ìpele kan yọ sórí ìjókòó yín bí ìbòòrùn, ẹ sá fún un, míkísà ì báà wà níbẹ̀.

Àwọn yòókù, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tó ti kọjá etí pèpéle lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn sípíkà lẹ ó máa gbọ́, àfi tí wọ́n bá so òmíràn kọ́ fún apá yẹn. Ìlà tó kẹ́yìn lábẹ́ òrùlé, ògiri ẹ̀yìn á máa tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ sí yín létí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé nǹkan kan dí ojú, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Tí pèpéle bá sì wà láàárín gbọ̀ngàn tí èrò yí i ká, ẹ da gbogbo ohun tí mo sọ nípa iwájú àti ẹ̀yìn nù, ètò ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ibi tó bá kọjú sí ìtò sípíkà kan gan-an ni kí ẹ wá.

Ìpele òkè kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ, tí kò bá ti jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn. Nǹkan kan ló máa yà yín lẹ́nu níbẹ̀: ẹnu olórin lórí ẹ̀rọ àwòrán á máa ṣáájú ohùn rẹ̀. Ìró kì í sáré tó ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí mítà 343 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tí ẹ bá wà ní 100 mítà sí pèpéle, ọ̀rọ̀ á fi nǹkan bí ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé. A máa ń so sípíkà mìíràn kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn fún àwọn tó jìnnà, a sì máa ń dá ìyẹn dúró díẹ̀ kí ó lè dé pẹ̀lú ti iwájú. Bí a kò bá dá a dúró, ohùn ti ẹ̀yìn á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ti iwájú á wá máa tún un sọ bí ọmọ tó ń sín àgbà jẹ.

Mo fẹ́ fi àṣírí ọjà kan kún un. Kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde, àwọn tó ń gbé eré kalẹ̀ máa ń di àwọn àga kan mú ní sàkání míkísà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, torí wọn ò tíì mọ bí tábìlì wa ṣe máa tóbi tó tàbí ibi tí ẹ̀rọ máa dí lójú. Tí a bá ti to nǹkan tán, wọ́n sábà máa ń tú èyí tí wọn ò lò sílẹ̀ fún títà, ní ọjọ́ díẹ̀ sí eré, nígbà mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an. Ẹni tó bá ní sùúrù máa ń rí ìjókòó gidi rà lójúlé ẹni tó ni ín, láìdé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á láti tún un tà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín wá kù. Mi ò ní sọ pé kó má dúró. Mo ti jẹ́ ọmọ ọdún 16 rí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ló ń wá lọ síwájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó mọ ohun tí ìdúró jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1979, ní gbọ̀ngàn Riverfront Coliseum ní Cincinnati, Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì eré ẹgbẹ́ olórin The Who ni kò ní nọ́ńbà ìjókòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú iwájú. Èrò ti kún ìta, ìlẹ̀kùn díẹ̀ ni wọ́n ṣí, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ìró orin láti inú, wọ́n sì rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ara wọn. Èèyàn 11 ló kú, kò sì sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í mọ̀ pé ẹni iwájú ò lè mí.

Nítorí náà, tí ẹ bá máa dúró, ẹ má dúró síbi irin iwájú, ẹ má sì dúró láàárín gbùngbùn èrò. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì wa ni kí ẹ wá. Èèyàn kì í fún níbẹ̀, ọ̀nà wà láti jáde, ohùn sì dára. Àmì tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni èyí: tí o kò bá lè gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè dé àyà mọ́ láìfara gbún ẹlòmíràn, ibẹ̀ ti kún jù, kúrò nísinsìnyí tí o ṣì lè kúrò. Bí ìtì bá ti dé, kí ó ká ọwọ́ síwájú àyà kí ó lè ráyè mí, kí ó má bá ìtì jà, tí ìtì bá rọlẹ̀ díẹ̀ kí ó máa fi ìhà rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí nǹkan bá já bọ́, fóònù ì báà ni, kí ó má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ẹ ò bi mí nípa etí tó ń hó, ẹ kàn mẹ́nu bà á ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Híhó yẹn, ìkìlọ̀ ni. Nínú etí, àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà tó ní irun lórí, àwọn ló ń gba ìró fún ọpọlọ. Ìró líle á tẹ̀ wọ́n bí ìjì ṣe ń tẹ koríko. Wọ́n lè nàró padà lọ́jọ́ kejì, bíi ti yín. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́ láyé. Àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé etí lè fara da dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe le tó) fún wákàtí mẹ́jọ, àti pé bó bá ti fi mẹ́ta lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀: tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Eré wákàtí méjì ń kọ́? Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí ìró eré má ju 100 lọ ní ìpíndọ́gba, kí wọ́n sì máa fún èrò ní ohun ààbò etí. Kì í ṣe gbogbo gbọ̀ngàn ló ń tẹ̀ lé e, ẹ̀yin sì wà níwájú báàsì.

Ẹ ra ìdérí etí, ìyẹn rọ́bà kékeré tí a ń kì bọ ihò etí. Èyí tó rọ̀ bí fóòmù máa ń dáàbò boni dáadáa, àmọ́ ó máa ń pa ọ̀rọ̀ ẹnu ju báàsì lọ, gbogbo nǹkan á wá dún bí ẹni fi ìrọ̀rí bo sípíkà. Èyí tí àwọn olórin ń lò ní asẹ́ kékeré nínú, ó ń dín gbogbo rẹ̀ kù déédéé. Mo máa ń fi sí etí nígbà tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn sì tiẹ̀ ń sọ pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa sí i. Ọmọ yín á sọ pé kò bá ìmúra òun mu. Ẹ ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti awọ ara rẹ̀.

Tí eré bá parí, tí iná tàn, ẹ má tètè dìde. Ojú ọ̀nà á kún fọ́fọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ẹ ò sì ní yára ju ẹni iwájú yín lọ. Ẹ jókòó sí ìpele kìíní yín, kí ẹ máa wò wá. Kò ní pẹ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ sọ ìtò sípíkà kalẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwọ̀ ẹja náà á máa nà bó ṣe ń fara kan ilẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín wo àpótí tó wà nídìí pátápátá, èyí tí ó kọjú sí ibi tó ní kí ẹ dúró sí, kí ó sì ka mélòó ló wà lórí rẹ̀.